"Wọ́n ní kí n wá di ọ̀gá ara mi": ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa tírélà lórí 1099, kí lojú yín rí?

Ẹni tó béèrè, Houston

Ẹ kú ojú ọ̀nà o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wa tírélà fún iléeṣẹ́ kan níbí ní Texas. Orí W-2 ni mo wà, ìyẹn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ gan-an. Sẹ́ǹtì 58 ni wọ́n ń san fún mi lórí máìlì kan, wọ́n ń yọ owó orí kí owó tó kàn mí lọ́wọ́, mo sì ní ìnṣọ́ránsì ìlera, òun nìyàwó mi fi bímọ lọ́dún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ọ̀gá kan pè mí wọ ọ́fíìsì. Ó ní kí n kúrò lórí W-2, kí n bọ́ sórí 1099, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe tó ń dá owó orí ara ẹ̀ san, kí n gba mọ́tò tuntun lọ́wọ́ wọn ní háyà-pọ́ṣéèsì bí àwọn oní dánfó ṣe máa ń gbà á l'Ékòó, kí n sì máa mú ìdá 70 nínú 100 owó ẹrù. Ó ní àwọn kan ń rí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là lọ́sẹ̀.

Orí mi kọ́kọ́ wú. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Bó bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé táwọn fúnra wọn ò wà á?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn. "Mo gbọ́ pé" ti tó mi.

Dallas

Àbúrò, mo ṣe é. Ọdún 2021 ni mo gba mọ́tò náà, nígbà tí owó ẹrù ga débi pé ẹni tí ò mọ ọ̀nà gan-an ń rí jẹ. Mo lọ wá bébà ọ̀sẹ̀ kan jáde kí n má baà purọ́ fún ẹ, ti oṣù Kẹfà 2022, nígbà tí gálọ́ọ̀nù dísẹ́ẹ̀lì kan ti kọjá dọ́là márùn-ún.

Lókè bébà: owó ẹrù tó kàn mí, dọ́là 5,840. Ó wù ẹ́, àbí? Sọ̀ kalẹ̀. Owó mọ́tò, 945. Dísẹ́ẹ̀lì, 2,310. Ìnṣọ́ránsì, 290. Owó tírélà tí mò ń fà, 175. Owó nọ́ńbà mọ́tò, 45. ELD tó ń ka wákàtí mi, 25: ìjọba ló ní ká lò ó, iléeṣẹ́ ló dè é mọ́ mọ́tò, èmi ni mò ń sanwó ẹ̀. Owó àtúnṣe tí wọ́n ń bá mi tọ́jú, sẹ́ǹtì 12 lórí máìlì kan, máìlì 2,900 ni mo sì sá lọ́sẹ̀ yẹn: 348. Owó ìdúró tó wà lọ́wọ́ wọn bóyá mo lè sá lọ, 100. Owó tí mo yá lọ́nà láti fi jẹun, 250.

Dọ́là 1,352 ló kù. Máìlì 2,900 yẹn lórí sẹ́ǹtì 58 tìẹ, 1,682 ni. Kò sì sẹ́ni tó ti yọ owó orí nínú tèmi.

Ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó dáa nìyẹn. Oṣù Kẹsàn-án ni iná ẹ́ńjìnì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amarillo. Ibi tí èéfín ń gbà ló dí, kọ̀ǹpútà mọ́tò bá ní òun ò ní sáré kọjá máìlì márùn-ún ní wákàtí kan. Lójú títì ńlá! Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi sùn nínú mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, èmi àti búrẹ́dì àti sàdíìnì. Owó àtúnṣe tí wọ́n ń bá mi tọ́jú ò tó o, mo fi 2,800 kún un lápò mi. Nínú gbogbo ẹ̀, 945 ọ̀sẹ̀ yẹn ò dúró. Mọ́tò ń sùn, gbèsè ẹ̀ ò sùn.

Mo dá a padà lóṣù kẹrìnlá. Wọ́n ní owó ìdúró mi ti bá àtúnṣe lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀, 49 CFR apá 376, sọ pé láàárín ọjọ́ 45 tí àdéhùn bá ti parí ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó yẹn padà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá yọ nínú ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ nọ́ńbà òfin yẹn gàgàrà sínú lẹ́tà. Wọ́n san 2,100 nínú nǹkan bí 6,000. Mo gbà á, ó ti rẹ̀ mí.

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Owó orí yẹn ńkọ́? Báwo lẹ ṣe san án?

Dallas

Mi ò san án, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ìfẹ̀yìntì àti ti Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn àgbà, ìdajì ni wọ́n ń yọ lára ẹ báyìí, ọ̀gá ẹ ń san ìdajì tó kù. Tó o bá di 1099, ìwọ lo ni méjèèjì, ìdá 15.3 nínú 100 èrè ẹ, kó tó wá kan owó orí gangan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni wọ́n ń retí ẹ: oṣù Kẹrin, Kẹfà, Kẹsàn-án, àti oṣù Kìíní. Mi ò mọ̀. Mo rò pé owó mi ni gbogbo ẹ̀.

Atlanta

Tèmi ò ní háyà-pọ́ṣéèsì nínú rárá, òun náà ló sì burú jù. Mọ́tò iléeṣẹ́, tírélà iléeṣẹ́, káàdì epo iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n 1099 ni wọ́n fún mi. Ẹni tó ń pín ẹrù á pè mí láago mẹ́rin ìdájí: "Ṣé ẹ ti gbéra?" Lọ́jọ́ tí mo ní mo fẹ́ gbé ẹrù kan tí mo fúnra mi rí, wọ́n ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mọ́tò tèmi kọ́, ẹrù tèmi kọ́, aago tèmi kọ́. Ọ̀gá kí ni mo wá jẹ́?

Oṣù Kejì, ní Ohio, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tírélà, mo fọwọ́ òsì gbálẹ̀, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Mo pe ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn ẹ̀ tutù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa." Ọ̀sẹ̀ méje láìsí kọ́bọ̀. Àbúrò mi n'Íbàdàn, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń fowó ránṣẹ́ sí i, ló fi ọgọ́jọ dọ́là ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún, kì í ṣe ọjọ́ tọ́wọ́ ṣẹ́.

Ẹni tó ń bá mi ṣe owó orí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé fọ́ọ̀mù kan wà, SS-8, téèyàn lè kọ sí IRS, àjọ ìjọba tó ń gba owó orí, kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, kí wọ́n sọ bóyá òṣìṣẹ́ ni tàbí agbaṣẹ́ṣe. Mo kọ ọ́. Èsì ẹ̀ máa ń pẹ́, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ retí i lóṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California, òfin AB5, tó jẹ́ kó ṣòro fún iléeṣẹ́ láti pe òṣìṣẹ́ ní agbaṣẹ́ṣe, wà fún yín láti 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn akẹ́rù tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ ní 2022. Àwa tó kù, orí ló ń ṣọ́ wa.

Charlotte

Ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Iṣẹ́ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí wọ́n ń júwe fún un yẹn kọ́.

Àwa mẹ́sàn-án la dá àjọ. Nígbà tó kàn mí ní 2023, tí owó mọ́tò tòkunbọ̀ ti wá sílẹ̀, mo ra ti 2016 kan ní 38,000 lówó ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mi pín in. Mo gba àṣẹ tèmi láti máa kó ẹrù lórúkọ ara mi, 300 dọ́là lọ́dọ̀ FMCSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ akẹ́rù, ìyẹn ò le. Ìnṣọ́ránsì ló fẹ́ pa mí: ọdún àkọ́kọ́, 17,200! Òfin ní èyí tó lè san 750,000 dọ́là bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ti tó, àwọn alágbàtà ẹrù ní àfi mílíọ̀nù kan. Àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ ní fún ẹ lẹ́rù títí àṣẹ ẹ á fi pé oṣù mẹ́ta. Mo jókòó.

Mo kọ́gbọ́n. Florida, ẹrù ń wọ ibẹ̀ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tó bá gbé ẹrù olówó ńlá lọ sí Miami, kó ka ti òfìfo tó máa fi padà mọ́ ọn. Ilé ìkẹ́rù tó bá dá ẹ dúró wákàtí márùn-ún ti jẹ nínú wákàtí 14 tí òfin fún ẹ láti fi parí iṣẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò sì ní dá a padà.

Mi ò lówó ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi gboyè, mo páàkì mọ́tò ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan.

Chicago

Èmi sá fún gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ àárín ìlú ni mò ń ṣe, wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, ilé ni mò ń sùn. Owó ẹ̀ kéré díẹ̀. Ọmọ mi ti mọ̀ pé èmi kì í ṣe àlejò.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá yẹn. Mo ní kó fún mi ní bébà ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ti dírẹ́bà kan tó wà lórí irú àdéhùn yẹn, kó pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, kí n ṣáà rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun máa pè mí padà.

Ọjọ́ karùn-ún rèé. Mo wà ní Laredo báyìí, mo ti fi ẹ̀yìn tírélà ti ẹnu ọ̀nà 14 nílé ìkẹ́rù, wọn ò tíì fọwọ́ kan tírélà mi. Ìyàwó mi ní kí n kí ẹ̀gbọ́n Dallas, ó ní kí wọ́n bá òun ya àwòrán bébà yẹn ránṣẹ́.