Iná ọkọ̀ kọjá, òkùnkùn ló fi sílẹ̀ fún mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí iná iwájú ọkọ̀ tó ń fọ́ni lójú lálẹ́. Ó ti lé lọ́dún méjì, síbẹ̀ tí mo bá jókòó sídìí ọkọ̀ lálẹ́, ọkàn mi ṣì máa ń padà síbẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà tí kò ní iná kankan. Eré mi kò ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan. Ọkọ̀ kan yọ níwájú, fúlù ló tàn, ìyẹn iná gíga tó ń ta sí ọ̀nà jíjìn. Mo fi iná ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò rẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀kánkán mi, gbogbo iwájú mi funfun báláú. Ó kọjá, mo mí kanlẹ̀ pé ó ti tán. Àṣé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn ṣú bò mí bí ẹni pé wọ́n da aṣọ dúdú bo gíláàsì. Ọmọlójú máa ń tètè fún pọ̀ tí iná bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè là padà. Mo ṣì ń wá ojú ọ̀nà nígbà tí ohun kan mì létí ọ̀dà: ọkùnrin kan ló ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, aṣọ dúdú lọ́rùn, kẹ̀kẹ́ náà kò níná. Mo fa ọwọ́ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Díẹ̀ ló kù kí dígí ọkọ̀ mi gbá a nígbọ̀nwọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣírò rẹ̀. Lórí eré yẹn, nǹkan bíi mítà 22 ni ọkọ̀ ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni mi ò ríran, mítà 110 nìyẹn. Mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ó gùn gan-an.

Ní báyìí, tí mo bá ti rí fúlù lókèèrè, mo ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tí a fi ń tẹ ọkọ̀ sáré kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ń tẹjú mọ́ ilà etí ọ̀nà tó wà lápá tèmi. Mi ò fi fúlù gbẹ̀san mọ́. Tí mo bá fọ́ awakọ̀ kejì lójú padà, afọ́jú méjì ló ń bọ̀ wá pàdé yẹn.

Ẹni kejì fèsì: Ẹ kú ewu o. Ọjọ́ orí tèmi ti lé ní 60. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń bínú sí gbogbo awakọ̀ pé iná wọn ti pọ̀ jù. Ọmọ mi obìnrin ló fi aṣọ nu inú gíláàsì iwájú, aṣọ náà sì di dúdú! Ó rọjú díẹ̀, kò tán. Dókítà ojú ló wá rí i pé awò inú ẹyin ojú mi ti ń ṣú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀kan, ó ku ìkejì. Títí dìgbà náà, tí oòrùn bá ti wọ̀, mi ò wakọ̀.

Ẹni kẹta fèsì: Èmi ni mo jẹ̀bi ní tèmi. Mo yọ gílóòbù halogen (irú iná àtijọ́ tó ní wáyà inú) tó bá ọkọ̀ mi wá, mo ki LED, irú gílóòbù tuntun tí kò ní wáyà bẹ́ẹ̀, sínú ilé iná kan náà, inú mi sì ń dùn pé ọ̀nà mọ́ kedere. Ilé iná yẹn kò bá a mu, ńṣe ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí: “Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára mi yẹn? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kòtò.” Mo tú u lọ́jọ́ kejì. Iye ẹni tí mo ti fọ́ lójú kó tó pè mí, mi ò mọ̀.