Zobo ìsọmọlórúkọ ti wú nínú ìgò, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Ọ̀túnla ni ìsọmọlórúkọ, zobo lítà 20 ló wà nílẹ̀ yìí, gbogbo ìgò sì ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo ṣí ọ̀kan, ó tú dé àjà. Ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin ni mo lọ̀ ní tútù, mo dà á sí i nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ṣúgà, atalẹ̀ àti kànáfùrù wà níbẹ̀. Ẹran ti kún fíríìjì, kíṣìnì ló sùn mọ́jú. Ṣé kí n gbé e padà sórí iná? Àwọn ọmọdé máa mu nínú rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí náà ń bọ̀. Bí mo bá sì tún òmíràn sè, ibo ni kí n gbé e sí?

Bàbá Tádé, Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ ná. Ẹ kó àwọn ìgò yẹn sínú síǹkì, kí ẹ máa tú ọmọrí wọn díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rọra jáde. Èyí tó bá wà nínú gíláàsì, ẹ fi táwẹ̀lì tó nípọn bò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ike á wú kó tó bẹ́, gíláàsì kì í wú, ó kàn máa fọ́ ni. Ẹ lé àwọn ìbejì kúrò ní kíṣìnì.

Àǹtí Bùkọ́lá, Peckham:
Ó ti kan, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá sè é padà, afẹ́fẹ́ á jáde, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ ò ní lọ, ṣúgà tí ìwúkàrà sì ti jẹ ti tán nìyẹn. Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù ló fà á. Ìwúkàrà wà lára èso yẹn láti oko, ẹ wá gbé e sínú nǹkan dídùn tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Mélòó nínú wa ni kò tíì fi odidi àpò zobo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí?

Akin, Manchester:
Àǹtí, ẹ má dá ọ̀pẹ̀yìnbó lẹ́bi. Ṣúgà ni. Zobo tí kò ní ṣúgà á pẹ́ kó tó hó, nítorí ìwúkàrà ò rí nǹkan jẹ. Ẹ jẹ́ kí kálukú bu ṣúgà sínú kọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àǹtí Bùkọ́lá, Peckham:
Akin, ta ló ń bu ṣúgà sí kọ́ọ̀bù lóde? Lórí yìnyín, kò ní yọ́. Ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin tìkára wọn, ṣúgà kọ́ ló wà nínú wọn? Zobo tí a bá ṣúgà sè pọ̀, tí èso tútù kò dé inú rẹ̀, á lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì láìyí padà. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀, ẹ wò ó.

Akin, Manchester:
Ọ̀pẹ̀yìnbó tí a bá sè kì í ta sánsán mọ́. Ìyẹn náà, ẹ dáhùn ẹ̀.

Bàbá Tádé, Houston:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pín in. Èèpo ni kí ó wọ inú ìkòkò, òórùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹran inú rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi í sí fírísà. Àárọ̀ ọjọ́ òde ni kí ẹ dà á pọ̀, nígbà tí zobo ti tutù nini. Láàárín wákàtí mẹ́fà, méje, kò sí ohun tí ìwúkàrà lè ṣe nínú òtútù yẹn.

Ìyá Ẹniọlá, Dublin:
Ìyá Ìbejì, ẹ má tún se lítà 20 mọ́, ẹ sè é kó ki, kó lè rí àyè nínú fíríìjì. Gírámù 800 zobo gbígbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣa òkúta àti igi inú rẹ̀, ẹ da omi tútù lé e, ẹ ṣàn án kíákíá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e kúrò. Bó bá pẹ́ nínú omi yẹn, àwọ̀ rẹ̀ ti bá omi lọ.

Lítà 8 omi ni kí ẹ gbé kaná. Ẹ kó èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́ta tí ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ dáadáa sí i, pẹ̀lú atalẹ̀ gírámù 400 tí ẹ rin, àti kànáfùrù 40. Ẹ má fi kún kànáfùrù yẹn, ahọ́n àwọn ọmọ á kú. Kí wọ́n hó fún ìṣẹ́jú 30 kí zobo tó débẹ̀. Ẹ wá da zobo sí i, ìṣẹ́jú 10 péré, ẹ paná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 40. Àwọn tó ń sè é fún wákàtí kan, tiwọn ló ń korò tó ń fa ẹnu pọ̀ yẹn.

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ tún fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fún un! Ẹ jẹ́ kó kán fúnra rẹ̀. Fífún ló ń mú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ ìgò. Zobo máa ń mu omi púpọ̀, nítorí náà ẹ da lítà 4 omi gbígbóná lé pàǹtí rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìgbà tó ṣì gbóná ni kí ẹ po ṣúgà sí i, kìlógíráàmù kan. Ẹ gbé ìkòkò sínú síǹkì tí omi tútù àti yìnyín wà, ẹ máa rò ó kó tètè tutù, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ike. Ike tí a rọ gbígbóná sí á ká. Ní ọjọ́ náà, ẹ fi omi tútù àti yìnyín là á títí á fi tó lítà 20.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se ìrẹsì òde ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé ó tó?

Àǹtí Bùkọ́lá, Peckham:
Háà! Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má dán an wò. Zobo máa ń kan, kíkan sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Àwọ̀ á ṣú, ahọ́n á máa tọ́ irin wò. Ìkòkò stainless ni, tàbí èyí tí wọ́n fi tánganran bò. Àti pé ẹ wí fún àwọn àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, zobo náà máa ń fà á wálẹ̀. Aláboyún náà, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu.

Akin, Manchester:
Leeds àti Manchester ò níṣòro, omi wa kò ní ẹfun. Ti Manchester, láti adágún Thirlmere ló ti ń bọ̀, omi òjò orí òkè. Zobo wa máa ń pupa fòò. Ti London, kẹ́tù wọn nìkan, ẹ ṣí i wò, ẹfun ti di èèpo nínú rẹ̀. Ìdí tí zobo London fi máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ di àlùkò nìyẹn.

Àǹtí Bùkọ́lá, Peckham:
Omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì nínú lítà 5, ó padà pọ́n roro. Ẹ̀yin ẹ ní omi, àwa la ní ọjà. Bí zobo bá tán ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní òpópónà Rye Lane, ẹ wọlé ẹnì kejì, ẹ bèèrè sorrel lọ́wọ́ ará Jàmáíkà. Nǹkan kan náà ni.

Bàbá Tádé, Houston:
Ọjà? Ní òpópónà Bissonnet níbí, ti Nàìjíríà wà. Bó bá tán, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò wà káàkiri, flor de jamaica ni wọ́n ń pe zobo, nínú àpò ńlá. Nàìjíríà náà ń kó o ránṣẹ́ sí Mẹ́síkò, a lè máa ra ti Kánò lọ́wọ́ wọn láìmọ̀.

Sístà Fúnmi, Toronto:
Gbogbo yín ò dá zobo inú ọ̀rá mọ̀ mọ́. Èyí tó ti dì sí yìnyín, tí a ó fi eyín já igun rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń pa wá bọ̀ láti ilé ìwé. Kò sí ìgò kankan níbí tó ń dùn tó o.

Ìyá Ẹniọlá, Dublin:
Fúnmi, ti ọbẹ̀ ìṣápá ńkọ́? Ìṣápá funfun, ẹ̀yà zobo tí kò pupa, egúsí, irú, ẹja gbígbẹ, iyán tó ń gbóná. Ọkàn mi fà sí i láti àná.

Akin, Manchester:
Ṣé a kò lè fi pàǹtí zobo se é?

Ìyá Ẹniọlá, Dublin:
Rárá o. Adùn rẹ̀ ti bá omi lọ. Funfun la ń wá, ẹ sè é pẹ̀lú káún díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un títí kíkan rẹ̀ fi máa dín kù. Ká má rí ẹni tó máa da káún sí zobo pupa o, dúdú ló máa dà.

Bàbá Tádé, Houston:
Ẹ̀yin ará ibi òtútù, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni zobo ń hù sí níhìn-ín. Oṣù kẹrin la ń gbìn ín, kò ní yọ òdòdó títí di oṣù kẹwàá tí ọjọ́ bá ti kúrú. Ẹ ká a ní bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, nígbà tó ṣì rọ̀ tó ń ṣẹ́ pọ́kán. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, igi ló dà.

Akin, Manchester:
Bàbá Tádé, oṣù kẹwàá, òtútù ti pa á dànù lọ́dọ̀ wa. Ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wa ni.