Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: ibo la ń gbà wọlé ní UK?

Àbúrò, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mass Comm ni mo kà nílé, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe níbí. Ṣé ẹni bíi tèmi lè wọ iṣẹ́ ìwádìí health communication láìní PhD?

Àǹtí, Leeds: O lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Má kàn máa wá "health communication" lórí jobs.ac.uk àti NHS Jobs (ìkànnì tí yunifásítì àti NHS, ètò ìlera ìjọba, ń polówó iṣẹ́ sí), orúkọ yẹn kì í sábà jáde. Tẹ "qualitative research assistant", "public involvement", "PPIE" (pípe aláìsàn àti aráàlú sínú ìwádìí) tàbí "community engagement".

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe public contributor, ìyẹn aráàlú tó ń bá àwọn olùwádìí dá sí iṣẹ́ wọn. Àwọn tó bá gba owó ìwádìí lọ́wọ́ NIHR, àjọ tó ń fi owó ìjọba ṣe ìwádìí ìlera, wọ́n ń retí pé kí wọ́n pe aráàlú sí i, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. £25 ni ìlànà NIHR dá fún wákàtí kan, £75 fún ààbọ̀ ọjọ́, £150 fún odindi ọjọ́. Wọ́n á gbé ìwé àlàyé ìwádìí fún ọ pé kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Má dá a padà pé "ó dáa" o. Fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó lè rú èèyàn lójú, sọ ohun tí òǹkàwé lè ṣì í gbọ́ sí, kí o wá kọ èyí tó yé èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí NHS ń kọ fún aráàlú, wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọdún 9 sí 11 lè kà á kó yé e.

Tó bá jẹ́ orí student visa lo wà, fara balẹ̀. Òfin ò gbà kí o ṣiṣẹ́ fún ara rẹ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sì ni òpin fún ẹni tó ń kàwé digirí nígbà tí kíláàsì ń lọ. Béèrè ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sanwó kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bọ̀ọ̀dá, London: Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ìbéèrè ìwádìí tí wọ́n ń túmọ̀ sí Yorùbá kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò wa jù. Ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi méjèèjì wéra, wọ́n á wá dán an wò lọ́dọ̀ èèyàn bíi 5 sí 8.

Ìdánwò yẹn ló sábà máa ń bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ á ní, "Ṣó yé yín, mà?" Màmá á ní, "Ó yé mi, ọmọ mi." Kò yé wọn rárá, wọn ò kàn fẹ́ dójú tì í ni. Ohun tó yẹ kó bi wọ́n ni pé, "Mà, tí àbúrò yín bá ní kí ẹ sọ ohun tí ìwé yìí ń béèrè fóun, kí lẹ máa sọ?" Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, láìtún un ṣe.

Ìdáhùn márùn-ún láti "mo gbà gan-an" dé "mi ò gbà rárá" náà máa ń dààmú àgbàlagbà lórí fóònù. Kí wọ́n tó dé ìkẹta, wọ́n ti gbàgbé èkíní. Ó sàn kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà, kí a tó béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Àbúrò, má dá irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ṣe o. Sọ fún ọ̀gá ìwádìí, kó bá ethics committee (ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí) sọ ọ́ kó tó di lílò.

Tí wọ́n bá ní kí o tẹ ọ̀rọ̀ inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ìwé, ohùn wákàtí kan lè gbà tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì sí níbẹ̀. Bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó dá iye. Ní kí wọ́n fi PDF hàn ọ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé jáde, torí fọ́ǹtì míì máa ń sọ ẹ, ọ àti ṣ di àpótí òfìfo. Noto Sans máa ń gbé gbogbo àmì wa.

Àbúrò, Manchester: Ẹ ṣeun púpọ̀. Tó bá wá kan fọ́ọ̀mù iṣẹ́ gan-an ńkọ́?

Àǹtí, Leeds: Ṣí person specification, ìwé tó to ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní essential (dandan), dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní bí wọ́n ṣe tò wọ́n, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn tó ń yan èèyàn ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní máàkì ni, ọ̀rọ̀ dídùn tí kò bá ìlà kankan mu kì í gba nǹkan kan. Ètò kọ̀ǹpútà kan tún wà tó ń jẹ́ Taguette, ọ̀fẹ́ ni. Fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí ọjọ́ interview tó pé.