Eré wo lẹ bá àwọn àgbà tó wà nílé ìtọ́jú ṣe lọ́jọ́ ọdún?

Àbíkẹ́yìn Ìyá Ìbàrà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá mi ti wà nílé ìtọ́jú àgbà kan níbí l'Abẹ́òkúta láti èṣí. Ọdún Líṣàbí ń bọ̀, wọ́n sì ní káwa ọmọ ronú eré tí àwọn àgbà lè ṣe lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ẹ̀yin tí ojú yín ti rí i, kí lẹ ṣe?

Bàbá Ìbejì Lafenwá: Ayò.

Nọ́ọ̀sì Àsẹ̀rò: Mo ṣiṣẹ́ nílé àwọn àgbà fún ọdún mẹ́ta. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá ọ̀tún. Kì í bá wa sọ̀rọ̀. Tá a bá gbé oúnjẹ dé, ògiri ló máa kọjú sí. Lọ́jọ́ ọdún kan, agùnbánirọ̀ kan ní òun á da ìbéèrè sílẹ̀, ẹni tó bá gbà á á gba ọṣẹ. Ó bi wọ́n pé ta ló kó Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó tètè dáhùn, òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn pé Líṣàbí ni. Bàbá yìí pariwo láti ẹ̀yìn: "Irọ́! Ṣódẹkẹ́ ni!" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu bàbá, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ó ní igbó Ẹ̀gbá la ṣì wà nígbà tí Líṣàbí kó ẹgbẹ́ Àáró jọ. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ oko lásán ni wọ́n ń ṣe, àṣé wọ́n ń múra láti pa àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́. Ó ní 1830 la tó tẹ̀dó síbí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àtọjọ́ náà la ti ń pè é ní Tíṣà, òun la sì ń gbé síwájú láti máa ṣèdájọ́ tá a bá ń ṣeré.

Ọmọ Kútọ̀: Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ gbogbo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jọ̀ọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Àsẹ̀rò: Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kì í bá wa sọ̀rọ̀. A ò bi í ní ohun tó mọ̀ rí, àfi bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti tọ̀.

Àdùkẹ́ Pànṣẹ́kẹ́: Gbólóhùn yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi náà, ṣé ẹ ti jẹun lásán ni mo máa ń bi bàbá mi.

Ìyá Túndé: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, inú ṣì ń bí mi. Níbi tí ìyá mi wà nígbà yẹn, wọ́n to àga sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ní káwọn arúgbó máa yí i ká, tí ìlù bá dákẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹni ọdún 78! Ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Fìlà bébà tí wọ́n dé fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀.

Àdùkẹ́ Pànṣẹ́kẹ́: Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Nọ́ọ̀sì Àsẹ̀rò: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Àga ni kí wọ́n wà, kí nǹkan máa kọjá lọ́wọ́ wọn. Ìlù ń dún, wọ́n ń na igbá síra wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré.

Ọmọ Kútọ̀: Kí tiẹ̀ ni òbí ń ṣe nílé àjèjì? Nílé wa, a kì í gbé ìyá ẹni fún ẹlòmíì.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Ìbàrà: Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá wẹ̀ ẹ́, tí mo dá gbé e. Ẹ̀yìn mi ti bàjẹ́. Ẹ má fi ìyẹn dá mi lóró, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ìbejì Lafenwá: Ọmọ Kútọ̀, fi í sílẹ̀. Eré ló béèrè.

Ọmọ Aládìrẹ Ìtọ́kú: Ayò, ayò, tàwọn ìyá ńkọ́? Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá mi fi ta aṣọ àdìrẹ n'Ìtọ́kú. Ìyè rẹ̀ ti ń rá, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pè mí. Lọ́jọ́ ọdún, a kó aṣọ funfun, ìko àti òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, a ò sọ nǹkan kan. Ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di í. Làkúrègbé ti ká a níka, síbẹ̀ kò sí nọ́ọ̀sì tó yára tó o. Ó gbá ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́: "Fún un le! Aró á wọbẹ̀!"

Àdùkẹ́ Pànṣẹ́kẹ́: "Aró á wọbẹ̀." Ìyá gidi.

Akin Òkè-Ìlẹ̀wọ̀: Ẹ má ta ayò lálẹ́ ṣá. Àwọn bàbá wa ní àwọn ará ọ̀run á wá bá yín ta á. Ẹ má sì fọwọ́ òsì ta á.

Nọ́ọ̀sì Àsẹ̀rò: Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún Tíṣà, ó sì ń nà wá. Ọ̀pẹ ló ń pe gbogbo wa.

Akin Òkè-Ìlẹ̀wọ̀: Ó dáa, tiẹ̀ yàtọ̀.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Ìbàrà: Ìyá mi náà máa ń bá bàbá mi ta ayò tẹ́lẹ̀. Níbo ni mo ti lè rí ọpọ́n tí ihò rẹ̀ fẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n.

Bàbá Ìbejì Lafenwá: Ọ̀kan wà nílé mi, bàbá mi ló ni ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọmọ ayò rẹ̀ tán, 48 pé. Ẹ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé.