Báwo ni mo ṣe lè múra olùkọ́ ìṣirò sílẹ̀ fún ọmọ tí olùkọ́ náà kò gbọ́ èdè rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń kọ́ ní ìṣirò. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa bá ọmọ ìbílẹ̀ pàdé, kíláàsì kan ṣoṣo sì lè ní èdè mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fagi lé iṣẹ́ ọmọ tó kọ 40 − 5 síbi tó yẹ kó kọ 35. Yorùbá lọmọ náà ń sọ nílé. Márùndínlógójì ló gbọ́, ohun tó gbọ́ náà ló kọ. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ náà ti ronú ju ẹni tó fagi lé e lọ!

Mo ti ní kí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ ní ogún-ogún. Mo sọ fún wọn nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Iñupiaq, ọmọ ìbílẹ̀ ní abúlé Kaktovik, ní Alaska ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣẹ̀dá àmì òǹkà tiwọn lọ́dún 1994 nítorí pé ogún-ogún ni èdè wọn fi ń kà. Àwọn tí mò ń kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, ìwé ni wọ́n tún dì mú. Mo rò ó pé kí n pe àwọn òbí wá, àmọ́ mi ò fẹ́ kó di ìran wíwò lásán.

Ìbéèrè mi rèé: iṣẹ́ wo ni mo lè fún wọn ṣe, tí yóò kọ́ wọn láti wá ìdí bí ọmọ ṣe ronú kí wọ́n tó ní ó gbà á tàbí ó ṣì í?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.