Òkè tí ìjì ń jà lórí ẹ̀: mo ti rí i ṣe o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ rántí pé mo bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí òjò tó ṣú tí mò ń fi pẹ́ńtì to àmì kéékèèké rẹ̀ ní tó-tò-tó sórí òkè inú àwòrán mi yẹn ṣe ń dà bí ẹrẹ̀ Ògùnpa. Àṣé wàdùwàdù mi ni, mi ò jẹ́ kí àkọ́kọ́ gbẹ kí n tó to òmíì lé e, gbogbo ẹ̀ wá pòpọ̀. Mo bá jẹ́ kó gbẹ, mo wá ń to búlùú àti àwọ̀ ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láì pò wọ́n, bí Seurat, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé yẹn, ṣe ń ṣe é ní Paris lọ́dún 1886, ìgbà tí mo sún sẹ́yìn débi ilẹ̀kùn, háà, ojú ọ̀run ti dúdú lóòótọ́! Ọrùn ń dùn mí ṣá. Bọ̀ọ̀dá tó ní kí n lo igi ìtayín dípò bọ́rọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣé gan-an sà.