Géèmù bíi ti Famicom lédè Yorùbá: aṣọ ń dàrú, àmì ohùn ń sá kúrò lórí lẹ́tà

Ọmọ_Ìtòkú kọ:

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Godot 4, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mo fi ń ṣe géèmù kékeré kan níbí l'Ábẹ́òkúta. Ọmọkùnrin Ẹ̀gbá kan ló ń fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn títí yóò fi dé orí Olúmọ. Mo fẹ́ kó rí bíi géèmù Japan ayé Famicom, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí Nintendo ṣe, gẹ́lẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló takú.

Mo wọ agbádá fún ọmọ náà, àmọ́ nínú píksẹ́lì (ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tó ń para pọ̀ di àwòrán) 16 sí 16, bí àpò sìmẹ́ńtì ló rí. Tó bá tún fò, ó máa ń pẹ́ lókè jù, bí ẹni pé ara rẹ̀ ò wúwo. Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ń bá a sọ. Fọ́ǹtì 8 sí 8 ni mo yà. Lẹ́tà tí kò ní àmì ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ "ọ̀rẹ́", àmì á fi lẹ́tà sílẹ̀, á lọ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n yọ àmì ohùn kúrò pátápátá ni?

Bàbá_Píksẹ́lì fèsì:

Agbádá yẹn ló jẹ̀bi. Ẹ bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ náà.

Ẹ wo bí Shigeru Miyamoto ṣe ya Mario fún Donkey Kong lọ́dún 1981. Píksẹ́lì ọwọ́ rẹ̀ ò tó ya irun orí, ló bá dé e ní fìlà. Kò tó ya ẹnu, ló bá fi irunmú sábẹ́ imú kí ojú lè mọ ibi tí imú parí sí. Ó wọ ṣòkòtò alókùn-léjìká fún un kí àwọ̀ apá lè yàtọ̀ sí àwọ̀ ara nígbà tó bá ń sáré. Gbogbo ohun tí ayé fi ń dá Mario mọ̀ lónìí, àìtó àyè ló bí i.

Fún tiyín, fìlà abetí-ajá ni kẹ́ ẹ dé e. Etí méjèèjì yọ síta, kò sí ẹni tí yóò rí òjìji rẹ̀ tí kò ní mọ ọmọ ibi tó jẹ́. Ẹ fún fìlà ní ìlà 5, ojú 4, dàńṣíkí 4, ẹsẹ̀ 3. Orí á tóbi ju ara lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Orí ńlá lára kékeré làwọn ará Japan ń yà nígbà yẹn, torí orí ni ènìyàn ń wò. Kí dàńṣíkí má lápá, kí apá lè gba àwọ̀ ara. Ẹ kọ́kọ́ fi dúdú kun gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ò bá dá a mọ̀ ní dúdú, kò sí àwọ̀ tó máa gbà á là.

Àwọ̀ 3 péré ni Famicom fún ohun tó ń rìn, èkẹrin ni ibi tí kò ní àwọ̀. Dúdú fún ìlà tó yí i ká àti ojú, ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún aṣọ àti fìlà, ó parí. Tó bá ń lọ sókè, ẹ jẹ́ kí etí fìlà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá ń bọ̀, kí wọ́n fò sókè. Fíríìmù kan ṣoṣo, ìyẹn àwòrán kan, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Àwòrán tó wà lẹ́yìn ọmọ náà ńkọ́? Àdìrẹ wà nílẹ̀ ní Ìtòkú, kí lẹ tún ń wá? Àwọ̀ 3 àti ẹyọ kan tí gbogbo ojú ẹ̀rọ jọ ń lò ni Famicom fún ẹ̀yìn, aró dúdú, aró fẹ́ẹ́rẹ́ àti funfun sì bá a mu rẹ́gí. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí o: funfun àdìrẹ á máa bá ọmọ náà du ojú, kò ní hàn mọ́. Nítorí náà, ẹ fi aró fẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ rọ́pò funfun lẹ́yìn, ẹ fi funfun pamọ́ fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ènìyàn rí. Tẹ́ ẹ bá ya táìlì (ègé àwòrán tí a ń tò papọ̀) 16 sí 16 tán, ẹ to 9 papọ̀, 3 sí 3. Bí ìlà bá hàn níbi tí wọ́n ti pàdé, iṣẹ́ kù. Nínú Aseprite, ètò tí wọ́n fi ń ya píksẹ́lì, Tiled Mode ń fi èyí hàn yín bẹ́ ẹ ṣe ń yà á lọ.

Ẹ má ya táìlì púpọ̀. Ìkùukùu àti igbó inú Super Mario Bros. (1985), àwòrán kan náà ni, àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Kilobáìtì 40 ni gbogbo géèmù náà, 8 péré ló jẹ́ ti àwòrán.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ìyà Famicom lẹ máa jẹ. Ẹ̀rọ yẹn ò lè fi ju ègé 8 nínú ohun tó ń rìn hàn lórí ìlà kan, ègé kan sì fẹ̀ ní píksẹ́lì 8. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa ṣẹ́jú pàkòpàkò. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí lónìí kó lè dà bíi ti àtijọ́. Lójú tèmi, ìranù ni.

Alámì_Ohùn fèsì:

Ẹ má yọ àmì kankan. Irú wàhálà yìí kan náà ló bá àwọn ará Japan. Lẹ́tà kana wọn wà tí wọ́n ń fi ìlà kékeré méjì sórí rẹ̀ kí "ka" tó di "ga", kò sì sí àyè fún un nínú 8 sí 8. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù Famicom, inú táìlì tó wà lókè lẹ́tà ni wọ́n gbé ìlà méjì náà sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlà ọ̀rọ̀ kan yóò gba táìlì 2 lóròó. Ti ìsàlẹ̀ ni ti lẹ́tà: lẹ́tà ńlá nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kó wà ní ìlà 1 dé 6, ẹ fi ìlà 7 sílẹ̀ lófìfo, àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ á wà ní ìlà 8. Ti òkè ni ti ohùn: píksẹ́lì 3 tó dagun, láti ìlà 5 dé 7, ìlà 8 lófìfo kí àmì má baà lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó 256 gba lẹ́tà 32. Tẹ́ ẹ bá yọ ti férémù àti àlàfo ọ̀tún òun òsì, ó ku 28. Ìlà ọ̀rọ̀ 3 àti férémù jẹ́ táìlì 8 lóròó, ìyẹn píksẹ́lì 64. Ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má gba ojú géèmù.

Ìdí tí àmì fi ń sá: à, é àti irú wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àtẹ nọ́ńbà lẹ́tà gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ ò ní. Lẹ́tà á kọ́kọ́ wá, àmì á tẹ̀ lé e pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀: 768 fún ohùn ìsàlẹ̀, 769 fún ohùn òkè. Fọ́ǹtì tẹ́ ẹ fọwọ́ yà ń ka àmì yẹn sí lẹ́tà tuntun, ó sì ń fún un ní àyè tirẹ̀.

Ẹ má gbé e fún Label, irinṣẹ́ Godot tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ. Ẹ lo TileMapLayer, èyí tó ń to táìlì, kẹ́ ẹ sì to lẹ́tà fúnra yín. Kóòdù yín á máa fi unicode_at, tó ń sọ nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ka ọ̀rọ̀ náà. Tó bá bá 768 tàbí 769 pàdé, kó fi àmì sí táìlì òkè lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kó má sún síwájú. Tó bá jẹ́ lẹ́tà, kó fi sí ìlà ìsàlẹ̀, kó sún síwájú lẹ́ẹ̀kan. Fún à á è é ì í ò ó ù ú ǹ ń, ẹ ṣe àtẹ kékeré tó máa tú wọn sí lẹ́tà àti àmì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n.

Ibì kan tún wà tó máa ń mú ènìyàn. Kíbọọ̀dù kan máa ń kọ ẹ́ bíi ẹ àti àmì òkè. Òmíràn á kọ ọ́ bíi é àti àmì abẹ́, nọ́ńbà 803. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú kóòdù, wọn ò jọra. Ẹ jẹ́ kí 803 sọ E di Ẹ, O di Ọ, S di Ṣ níbi tó wà.

Bí lẹ́tà bá sì ń jáde níkọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, àmì gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá dá dúró, àmì á máa já bọ́ sórí lẹ́tà lẹ́yìn tí ẹni tó ń kà á ti kà á tán.

Onígángan fèsì:

Ẹ jẹ́ n mú ti fífò. Ẹ má fojú díwọ̀n òòfà, ìyẹn agbára tó ń fa ọmọ náà wálẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀. Ohun méjì lẹ máa kọ́kọ́ pinnu: bó ṣe máa fò ga tó, àti àsìkò tó máa gbà kó tó dé ṣóńṣó. Ká ní táìlì 4, ìyẹn píksẹ́lì 64, láàárín sẹ́kọ́ǹdù 0.4. Ẹ fi 2 sọ gíga di púpọ̀, ó di 128. Òòfà ni 128 tẹ́ ẹ pín sí 0.4 lọ́nà 0.4, ìyẹn 0.16: 800. Ìyára ìfò ni 128 tẹ́ ẹ pín sí 0.4: 320. Nínú Godot, òkè ni òdì, nítorí náà −320 lẹ máa kọ.

Ó ń pẹ́ lókè nítorí pé òòfà kan náà lẹ lò fún lílọ àti bíbọ̀. Tó bá ti ń bọ̀ nílẹ̀, ẹ sọ 800 di 1200, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ìyára ìsọ̀kalẹ̀ ju 400 lọ. Ẹni tó bá tètè gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ẹ gé ìyára ìgòkè rẹ̀ sí ìdajì. Nínú Super Mario Bros. náà, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì pẹ́ ló ń fò ga. Ẹ fún un ní fíríìmù 6 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò létí òkúta, kó ṣì lè fò. Àti fíríìmù 6 kó tó balẹ̀, kí bọ́tìnì tó tẹ̀ níbẹ̀ má ṣòfò. Ẹni tó ń ṣeré ò ní mọ̀ pé ẹ ràn án lọ́wọ́. Tẹ́ ò bá ṣe é, á ní bọ́tìnì yín ò ṣiṣẹ́.

Tó bá ń rìn ní píksẹ́lì 120 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ìfò kan á gbé e kọjá bíi táìlì 5. Kí àlàfo ìsàlẹ̀ Olúmọ má ju 3 lọ, kí tòkè jẹ́ 4. Ẹ fi 5 sí ibì kan ṣoṣo, níparí.

Ẹ kò béèrè ohùn, àmọ́ mi ò lè dákẹ́. Famicom ní ọ̀nà ohùn 5: pulse 2, triangle kan, ariwo kan, àti ọ̀kan fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Orí pulse ni gángan gbọ́dọ̀ wà. Nínú FamiTracker, ètò tí wọ́n fi ń kọ orin bíi ti Famicom, àṣẹ 1xx ń fa ohùn lọ sókè, 2xx ń fà á wá sílẹ̀, 3xx ń yọ́ láti nóòtì kan dé èkejì. Iṣẹ́ tí apá onílù ń ṣe lára ọsán nìyẹn. Ẹ má gbé e sórí triangle, torí kò ní ìdarí ìró: ó ń dún tàbí kò dún, ìlù ò lè rọra kú níbẹ̀. Baasi ni kẹ́ ẹ fún un. Ariwo ni ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé kóòdù tí Alámì_Ohùn júwe ti ya àmì sọ́tọ̀ ná. Géèmù Japan àtijọ́ máa ń dún "pí pí pí" bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Ẹ jẹ́ kí tiyín máa sọ̀rọ̀: fáwẹ́lì tó ní 768, kó dún dò, tó ní 769, kó dún mí, tí kò ní àmì, kó dún re. Kọ́ńsónáǹtì á dákẹ́, àfi n tó bá ní àmì lórí. Ẹni tó gbọ́ ìlù á gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó kà á.

Àbẹ̀ní_Àdàtán fèsì:

Ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Àwọn tó ń fẹ́ "bíi ti Japan" sábà máa ń lọ kó idà samurai àti òdòdó ṣẹ́rì wọ inú géèmù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe é. Inú ohun tí ọmọ ilé wọn ń kà, tó sì ń gbọ́, ni wọ́n ti mú un. Akira Toriyama tó ya ohun abàmì inú Dragon Quest (1986) ni Dragon Ball rẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn Shōnen Jump; Yuji Horii tó ṣe géèmù náà ń kọ nípa géèmù sínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà. Nínú Super Mario Bros. 3 (1988), ewé ló ń fún Mario ní ìrù, aṣọ tanuki (ẹranko kan ní Japan tó jọ ajá) sì ń sọ ọ́ di ère òkúta Jizō, ẹni mímọ́ ẹ̀sìn Búdà. Nínú àlọ́ wọn, ewé ni tanuki ń gbé lérí kó tó para dà. Wọn ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ayé sì ń gbá a.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ yín ní kánàkò kí ọ̀nà kúrú fún un fún sẹ́kọ́ǹdù 3. Ẹ fún un ní àfẹ̀ẹ́rí kí ọ̀tá má rí i. Ẹ má kọ àlàyé sí i.

Bẹ́ ẹ bá máa fi Egúngún sí i, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ aṣọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lù ú títí. Kó wọlé lọ ni. Orò ní tirẹ̀ kò ṣe é yà rárá. Ohun tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, ẹ má yà á sójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ká gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ọmọ náà wá ilé wọ̀.

Ẹ sì ya àwòrán yín fúnra yín, ẹ má gé Mario lẹ́ mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó ń lọ ilé géèmù ní Pánṣẹ́kẹ́ mọ "Merseyside Red" àti "London FC" inú PES, géèmù bọ́ọ̀lù Konami. Konami ò ní ìwé àṣẹ Liverpool àti Chelsea nígbà náà, wọ́n bá sọ wọ́n lórúkọ mìíràn. Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́ra.

Ọmọ_Ìtòkú fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Abetí-ajá náà ti hàn ketekete. Ọ̀kan ló kù: lórí láptọ́ọ̀pù 1366 sí 768, píksẹ́lì mìíràn sanra ju òmíràn lọ. Lórí fóònù 1600 sí 720 ńkọ́?

Bàbá_Píksẹ́lì fèsì:

Ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń fẹ̀ ẹ́ ni kò jẹ́ nọ́ńbà odidi. 768 pín sí 240 jẹ́ 3.2, ìdá tó ṣẹ́kù yẹn ló ń sọ àwọn kan di sísanra. Nínú Project Settings, ẹ fi Viewport Width sí 256, Height sí 240, Stretch Mode sí viewport, Scale Mode sí integer (Godot 4.2 sókè ló ní i), Aspect sí keep, kẹ́ ẹ sì sọ Default Texture Filter di Nearest. Láptọ́ọ̀pù á lo ìlọ́po 3, 768 sí 720, dúdú díẹ̀ á kù lókè àti nísàlẹ̀.

Fóònù yẹn tilẹ̀ bá a mu jù: 720 jẹ́ 240 lọ́nà 3 gẹ́lẹ́. Píksẹ́lì 416 á ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí bọ́tìnì ìrìn wà lósì, ti ìfò lọ́tùn-ún, kí àtàǹpàkò má bo ọmọ náà lójú. Àmọ́ keep á gé gbogbo ohun tó bá wà níta 256 yẹn, nítorí náà fún fóònù, ẹ lo expand, kẹ́ ẹ sì so bọ́tìnì mọ́ etí ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú anchor.